Imú Yétúndé Lára Agbádá

Gbogbo Òkè-Ìlá ló mọ ìtàn imú tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí Yétúndé bá ń sọ̀rọ̀ olóògbé ọkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Ọjà Ọba ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyin ló ń tà. Ajíbádé, tíṣà tó ń kọ́ni ní àwòrán yíyà, dúró, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òṣùpá.

"Ẹ bá mi ṣa èyí tí pupa rẹ̀ dára."

"Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?"

"Rárá o. Ojú yín ni mo fẹ́ fi kùn."

Yétúndé na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀.

Ajíbádé sáré ṣàlàyé pé pupa ẹyin ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì ayé àtijọ́ fi ń po ọ̀dà. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí Jùwọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ẹlẹ́yin a máa yára gbẹ ju ọwọ́ Ajíbádé lọ, ojú Yétúndé tó ń yà sórí pákó sì kún fún ìlà.

"Bàbá Jùwọ́n, ta ni wọ́n kọlà fún yìí?"

"Ìdí tí àwọn ará Ítálì ṣe fi ẹyin sílẹ̀ lọ sídìí òróró nìyẹn," ni ó dáhùn, bí ẹni pé ó wà níbẹ̀.

Ó wá irú òróró wọn tì ní Adó, ó bá lo òróró ẹ̀pà. Àwòrán náà rẹwà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yétúndé rọra ń yọ́ wọnú òjìji bí ìkùukùu òwúrọ̀ lórí òkè. Kò kàn gbẹ ni. Òjò rọ̀ lọ, ọyẹ́ mú lọ, kò gbẹ. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kan, Alàgbà Ọlálérè yà kí wọn, ó fẹ̀yìn ti àwòrán náà láìmọ̀, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ajíbádé sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jókòó!"

"Kí ló dé?"

"Imú ìyàwó mi wà lẹ́yìn agbádá yín."

Yétúndé rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó délé tó rí ojú tí kò nímú, ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ó wù ú kó rí ara rẹ̀ bí Ajíbádé ṣe ń rí i.

"Ẹ parí mi," ló wí.

Nígbẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ káfíńtà tó ń kun àga ni Ajíbádé ti rí òróró èso ọ̀gbọ̀, èyí tí àwọn ará Ítálì lò. Ó ń kun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń dúró kó gbẹ, ó tún ń kun òmíràn lé e. Ọdún ń gorí ọdún.

"Bàbá Jùwọ́n, mo ti ń hewú o!"

"Má dààmú, mo ti po funfun."

Àìsàn ti mú un nígbà tó kun imú náà kẹ́yìn. "Má fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ," ló sọ. Ó lọ kó tó gbẹ.

Láràárọ̀, Yétúndé a dúró níwájú ara rẹ̀, a ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé a bà lé imú náà, a dà bí ẹni pé ó ń mí. Lọ́jọ́ kan, ó rọra fi ìka kàn án. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wo ìka tó mọ́ náà pẹ́. Ìbá wù ú kí díẹ̀ lára imú náà bá òun lọ.

Àwòrán náà wà ní pálọ̀ ní Òkè-Ìlá. Ajíbádé wà ní Ìyìn-Èkìtì, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀.