Tíṣà Ọláoyè àti Àwòrán Tó Ń Sá Lọ

Ọjọ́ tí Nàìjíríà àti Gánà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni olóògbé Tíṣà Ọláoyè di ẹni tí gbogbo àdúgbò Adébáyọ̀ mọ̀. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò, èrò sì ti kún pálọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ kò sóhun tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n ju funfun wínníwínní lọ, bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú àpótí náà. Tíṣà gbé àkàsọ̀, ó gun orí páànù, ó di òpó áńtẹ́nà mú.

"Ó ti mọ́?"

"Ó ti mọ́!" ni Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ dáhùn lójú fèrèsé.

Tíṣà fi òpó sílẹ̀, àwòrán sá lọ. Ó tún dì í mú, àwòrán padà dé. Ni gbogbo pálọ̀ bá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀ mọ́!"

Orí páànù gbígbóná yẹn ló wà títí tí bọ́ọ̀lù fi parí. Nígbà tí ilé hó yèè, ó ń ké pé, "Ta ló gbá a wọlé? Àwa ni àbí àwọn?" Kò sẹ́ni tó rántí dá a lóhùn. Ẹni tó ni tẹlifíṣọ̀n nìkan ni kò rí bọ́ọ̀lù.

Akínbọ́lá tó ń tún rédíò ṣe ní oríta ní kí Tíṣà jẹ́ kí òun yẹ tẹlifíṣọ̀n náà wò. Tíṣà fárígá.

"Ṣé èmi tí mo kọ́ ọ ní ìṣirò? Ulé mi rèé, tẹlifíṣọ̀n mi rèé. Ẹnikẹ́ni ò ní tú u palẹ̀ lójú mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so oríṣiríṣi irin mọ́ òpó: ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà, ṣíbí, abala páànù. Nígbà tí àlejò láti Ìjan bi Morẹ́nikẹ́ léèrè ìdí tó fi fi àwo bo ọbẹ̀, ó ní, "Ọmọrí ìkòkò mi ò sí nílé. Ó wà lórí òrùlé, ó ń gbọ́ ìròyìn."

Ọlátúbọ̀sún, alàgbà ìjọ Aládùúrà tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Tíṣà, kò jẹ́ kí Tíṣà gé igi máńgòrò òun, èyí tí Tíṣà ní ó ń dínà àwòrán. Ó ní kí àwọn gbàdúrà sí i dípò bẹ́ẹ̀. Tíṣà ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, alàgbà. Àmọ́ ẹ kọjú sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni àwòrán ti ń bọ̀."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Tíṣà kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè gun àkàsọ̀ mọ́. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lẹ́nu ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, Morẹ́nikẹ́ ló sì dá orin náà. Tíṣà ò sùn dáadáa mọ́. Níkẹyìn, ọkùnrin alágídí yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ẹ bá mi pe Akínbọ́lá. Kó tú u."

Akínbọ́lá tú u, ó so wáyà tuntun, àwòrán mọ́ rekete. Wọ́n dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà sún mọ́ iwájú. Iná lọ.

Morẹ́nikẹ́ rí i pé omi ti lé sójú ọkọ òun. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n tó ṣókùnkùn, ó dá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Akínbọ́lá ń gbè é.

Nígbà tó parí, Tíṣà nu ojú, ó ní fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ó dáa bí iná ṣe lọ yẹn. Tó bá jẹ́ inú àpótí lo wà, báwo ni ǹ bá ṣe ní kí o tún un kọ?"

Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún un kọ. Iná dé, orin ò tíì tán. Kò sẹ́ni tó wo ojú tẹlifíṣọ̀n.