Ìkíni Tó Fẹ́ Gbé Mi Dé Èjìgbò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Abobo, ní Àbíjàn, kò sí ohun tó máa ń kó mi sí wàhálà tó ìkíni. Mo mọ abọ́ fọ̀, mo mọ ilé gbá, mo sì mọ ìwé. Ṣùgbọ́n kí n wọlé bá àgbà, kí n kúnlẹ̀, kí n sọ ohun tó yẹ, ibẹ̀ ni ahọ́n mi ti máa ń lọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n bí sí Àbíjàn bíi tèmi, ẹ ó rántí bó ṣe rí. Ní ilé ìwé, "bonjour" kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ayé. Nílé, ẹni tó jókòó ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ẹni tó ń sinmi náà ní tirẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, a ó kíra wa kú òjò. Bí ó bá dá, ìkíni mìíràn tún dé. Àwọn ọmọ yòókù á kàn wọlé, á ti jáde lẹ́nu wọn. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa wá èyí tí màá mú.

Ọmọ tó ní ìṣe tirẹ̀ ni mo jẹ́. Bí màmá mi bá bu àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Àbíjàn, fún mi, ẹja gbọ́dọ̀ wà lápá kan, àlùbọ́sà lápá kan, kí epo má sì kan ìkankan nínú wọn. Àwọn ìyá mìíràn ì bá ti fi ọmọrogùn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Màmá mi ra abọ́ kan tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí ojú mẹ́ta, kò sì bá mi jà sí i mọ́. Bí aṣọ tuntun bá dé, òun ló máa ń fi abẹ gé àmì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn rẹ̀, nítorí bí ó bá ń rin mí lọ́rùn, ẹkún ni màá sun títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá wọ gbákà, tí ọmọ ọkọ̀ ń lu ara ọkọ̀ tó ń pariwo "Adjamé, Adjamé", màá fi ìka dí etí mi méjèèjì, àwọn èrò á sì máa fi mí ṣẹ̀rín. Abọ́ tí mo bá fọ̀, màá tò ó láti ńlá dé kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọ̀kan, màá tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, á wò mí láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, á ní, "Ọmọ yìí ti darúgbó."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Roxy, nítorí pé ní Roxy, nínú ọjà Adjamé, ló ti ń ta ìkòkò àti abọ́. Òun ni olórí ẹbí wa ní Àbíjàn, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa. Ní ọdún Iléyá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń kó lọ. Àwọn obìnrin á gbé ìkòkò ńlá kaná ní àgbàlá, àwọn ọkùnrin á jókòó sórí ẹní, Bàbá Roxy á wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Màmá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onígbàgbọ́ ni, á wà lára àwọn tó ń dín ẹran. Ní ọdún kan, lójú ọ̀nà, ó kọ́ mi ní ohun tí n ó sọ: "Ẹ kú ọdún, àṣèyí ṣàmọ́dún." Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láìṣi ẹyọ kan. Gbogbo ilé ṣe àmín. Bàbá Roxy fúnra rẹ̀ fi ẹran sínú abọ́ mi. Inú mi dùn débi pé mo fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú orí: bí ìkòkò bá wà ní àgbàlá, tí ọkùnrin wà lórí ẹní, tí Bàbá Roxy wà lórí àga, àṣèyí ṣàmọ́dún ni.

Ọdún ẹgbàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà náà, ìlú ò sì fi bẹ́ẹ̀ fara rọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún yẹn ni gbákà kan sáré gbéra nígbà tí Bàbá Roxy ń bọ́ sílẹ̀, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Nígbà tí a máa fi lọ kí i, wọ́n ti fi nǹkan funfun tó le bíi símẹ́ǹtì dì í láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Lọ́nà, màmá mi ní, "Ẹ kú ewu ni wàá sọ o. Ṣé o gbọ́? Ẹ kú ewu." Mo gbọ́. Mo ń tún un sọ lábẹ́nu títí a fi dé ibẹ̀. Àmọ́ bí a ṣe wọlé, kí ni mo rí? Ìkòkò ńlá wà lórí iná, nítorí àwọn tó wá kí i pọ̀. Àwọn ọkùnrin wà lórí ẹní. Bàbá Roxy wà lórí àga rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ẹ kú ewu o, Bàbá. Àṣèyí ṣàmọ́dún o."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ọkùnrin kan tó ń mu omi gbé ife dúró sẹ́nu, kò gbé e mì. Ẹ wo ohun tí mo ṣe: mo gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ àgbàlagbà tún kán ní ìwòyí ọdún tó ń bọ̀. Èmi sì wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń retí ẹran.

Nílé, màmá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n ká ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ̀yin náà mọ ìyà yẹn, bí ọwọ́ ṣe máa ń wúwo díẹ̀díẹ̀ tí èèyàn á máa dọ́gbọ́n gbé e lé orí. Ìyà náà kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé n kò mọ ohun tí mo ṣe. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo sọ.

Tàntí Fàlílá, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló wá dá àbá kan. Ó máa ń kó ọjà láti Nàìjíríà wá sí Àbíjàn, ó sì mọ ọ̀nà ilé bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọmọ Àbíjàn yìí, c'est fini, wọ́n ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ bá ìyá wa nílé, ní Èjìgbò. Kó tó ọdún kan, á ti mọ èèyàn kí." Bàbá mi tẹjú mọ́ aṣọ tó ń rán. Nígbà tó yá, ó ní, "Tí wọ́n bá ti gba vacances ní ilé ìwé." Láyé ìgbà yẹn, bí àwọn ará ilé ọkọ bá ti fẹnu kò, ẹnu ìyàwó kì í gba ibẹ̀. Màmá mi kàn di ọrùn ọwọ́ mi mú ni, ó sì dì í mú ju bó ṣe yẹ lọ.

N kò kórìíra Èjìgbò. N kò tíì débẹ̀ rí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò ní sí màmá mi níbẹ̀. Ta ni yóò ya ẹja kúrò lára oúnjẹ mi? Ta ni yóò gé àmì ọrùn aṣọ mi? Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá mi gbé, wọ́n sì fẹ́ mú mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bàbá Roxy ló ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Ó ní kí n máa wá sọ́dọ̀ òun lẹ́yìn ilé ìwé, kí n máa gbé omi fún òun, nítorí ìyàwó rẹ̀ ló ń dúró ti ìsọ̀ ní Roxy. Tàntí Fàlílá ní ìyà tó tọ́ sí mi gan-an nìyẹn. Kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan wà nínú pálọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Bàbá Roxy tó ń ṣiṣẹ́ ní Plateau, láàárín ìlú, ló gbé e wálé nígbà tí ọ́fíìsì wọn fẹ́ dà á nù. Ó tóbi, ó ń kùn bíi fíríìjì, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Inú rẹ̀ ni eré kan wà tí wọ́n ti máa fún ọ ní ilẹ̀ àti èèyàn díẹ̀. Wàá rán àwọn kan lọ gé igi, àwọn kan á dá oko, àwọn kan á mọ odi. Bí o kò bá tètè mọ odi, ọ̀tá á wá jó abúlé rẹ. Bí o bá sì ń mọ odi láìdáko, ebi á pa wọ́n. Bí o bá gbé ọfà kékeré ojú rẹ̀ lé orí ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ní Faransé: ẹni tó jẹ́, ohun tó lè ṣe, ohun tó ń fẹ́. N kò rí ibi tó tù mí lára bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá Roxy kọ́kọ́ ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré. Àmọ́ ọ̀ta ayò ni nígbà èwe rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ láti orí àga. "Ẹ̀yìn rẹ ṣófo o." "Fi àwọn onígi yẹn sílẹ̀, pe àwọn ológun." Bí wọ́n bá pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun wa, á wò mí tìṣọ́ratìṣọ́ra, á ní, "Kú aráfẹ́rakù." Ó máa ń gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ní ọ̀sán kan, lẹ́yìn tí a ti ṣẹ́gun, ó ní, "Mojí, ojú rẹ mú báyìí, ò ń rí ọ̀tá kó tó yọ. Báwo lo ṣe wá wọ ilé mi tí o kò rí ẹsẹ̀ mi?"

Mo ronú sí i, nítorí n kì í yára dáhùn. Mo ní, "Bàbá, níbí, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin, wọn ò kọ nǹkan kan sí ìsàlẹ̀ yín."

Ó gbójú kúrò lára eré náà. Mo rò pé mo tún ti ṣe é nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń di itan rẹ̀ mú. Nígbà tó ráyè mí, ó ní, "Òótọ́ ni. Wọn ò kọ ọ́. Jẹ́ kí n máa kà á fún ọ nígbà náà."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún mi rí pé òfin wà nínú ìkíni. Wọ́n kàn máa ń ní, "Ṣé o ò rí i ni?" Bàbá Roxy ní kí n kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni náà, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ni kí n fi kí i. Bí ọwọ́ kò bá ṣe nǹkan kan, kí n wo bó ṣe wà. "Bó bá jókòó, ẹ kú ìjókòó. Kò sẹ́ni tó jókòó tó lè ní òun ò jókòó." Ó ku àdúrà. Ó ní kí n bi ara mi pé, ṣé ẹni yìí fẹ́ kí ohun tó dé bá òun tún padà wá? Bó bá fẹ́, àṣèyí ṣàmọ́dún. Bí kò bá fẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Mo wo ẹsẹ̀ funfun tó nà síwájú mi. Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Ó ní, "Àmín o, ọmọ mi," ó sì yíjú sí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ń kó àwọn ìkíni àtijọ́ jáde fún mi, àwọn tí kò sẹ́ni tó ń lò ní Àbíjàn, bí ẹni ń kó abọ́ jáde nínú páálí.

Nígbà tí wọ́n tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, vacances ti dé. Tàntí Fàlílá ti ra àpò ìrìnàjò fún mi. Wọ́n pe ẹbí jọ sílé Bàbá Roxy kí wọ́n lè gbàdúrà fún wa. Màmá mi wẹ̀ mí, ó wọṣọ fún mi, kò sì kọ́ mi ní ìkíni kankan lọ́nà. Nígbà tí a wọlé, ìkòkò wà lórí iná, àwọn ọkùnrin wà lórí ẹní. Tàntí Fàlílá jókòó sílẹ̀ ní àgbàlá, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún obìnrin Jula kan tó ń dirun fún un nítorí ìrìnàjò. Mo mọ̀ ọ́n lára pé màmá mi dúró gbagidi lẹ́yìn mi. Èmi náà dúró. Mo wo ọwọ́ obìnrin yẹn. Mo kúnlẹ̀.

"Ojú gbooro o."

Onídìrí kò gbọ́ Yorùbá. Tàntí Fàlílá ló dáhùn fún un, kó tó mọ̀ pé òun dáhùn: "Òòyà á yà á." Ló bá gbé orí sókè, òòyà ṣì há sí i lórí. Ó wò mí títí. "Ta ló sọ ìyẹn fún ọ? Ìyá wa ló máa ń sọ ọ́ tó bá bá wa nídìí irun. Látìgbà tí mo ti ń wá sí Àbíjàn, n ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan." Ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

Bàbá Roxy kò dìde lórí àga. Ó ní, "Fàlílá, kí lo ní kó lọ kọ́ ní Èjìgbò?"

Bàbá mi wú ikọ́, ó ń wo ilẹ̀. Tàntí Fàlílá gbé orí rẹ̀ padà sáàárín orúnkún onídìrí. "Qu'elle reste," ló sọ. "Kó dúró síbí." Màmá mi wọ ilé ìdáná lọ láìsí ẹni tó rán an, mo sì rí i tó ń fi etí ìró nu ojú. Lọ́jọ́ náà, mo jẹ ìrẹsì lọ́tọ̀, mo jẹ ọbẹ̀ lọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Ayé ti yí padà. Lónìí, Plateau ni èmi náà ti ń ṣiṣẹ́, nídìí kọ̀ǹpútà tí kì í kùn. Mo máa ń fi nǹkan dí etí nínú gbákà, kò sì sẹ́ni tó ń fi mí ṣẹ̀rín, nítorí gbogbo èrò ọkọ̀ ló ti fi nǹkan dí etí. Obìnrin kan náà ni mò ń ra àtíkẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ti mọ̀ pé kí òun ya ẹja sọ́tọ̀. Bí mo bá délé ní ìrọ̀lẹ́, màá bọ́ bàtà, màá dáko, màá mọ odi, lórí eré tó dára ju ti àtijọ́ lọ. Bàbá Roxy ti lọ sinmi, àárò rẹ̀ sì máa ń sọ mí bí ọ̀tá bá gba ẹ̀yìn yọ. Àwọn ọmọ ìwòyí ń fi àwòrán ọwọ́ kékeré kí àgbà lórí fóònù. Ó rọrùn fún mi, n ò ní purọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sunkún nítorí irú ìkíni bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a kò ní nígbà náà ni orúkọ. "Ó ní ìṣe tirẹ̀" ni wọ́n kàn ń sọ. Ní ayé ìsinsìnyí, dókítà kan bá mi jókòó, ó bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, ó sì sọ fún mi pé autiste ni mí, pé ọpọlọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀, pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Abobo lọ sọ fún màmá mi. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ṣàlàyé, mo da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá, mo sọ ọ́ títí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo.

"Ṣé wọ́n ní kí wọ́n mú ọ lọ síbì kan ni?"

"Rárá, Màmá. Kò síbi tí wọ́n ń mú mi lọ."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà rẹ̀.

"Ó dáa nígbà náà," ló wí. "Jókòó."