Káádígàn Ìyá Mi Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, Salford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester nílẹ̀ òyìnbó, ni èmi àti àwọn òbí mi ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pè mí ní àǹtí, tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀wà hù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtìjú kan wà tí mo ń gbé kiri láti ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìjọ wa ló háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Scotland ní Sátidé kan nígbà ooru. Ìdájí la kúrò ní Manchester, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì àti adìyẹ díndín. Ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan la fẹ́ lọ wọ̀, irú èyí tí oru omi gbígbóná ń wà, tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ń gbá omi lọ sẹ́yìn. Ó ń dán gbinrin. Àwọn òyìnbó arúgbó ń fọwọ́ pa igi rẹ̀ lára tìfẹ́tìfẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwa ará ìjọ yìí. Ta ni yóò wọ orí omi láìgbàdúrà? Bí ọkọ̀ ṣe ṣí báyìí, ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ olórí àwọn aládùúrà, dìde lókè níta, wọ́n so ìborùn mọ́dìí.

"Ẹ gbóhùn sókè! Gbogbo ẹ̀mí omi tó ń wá ẹ̀jẹ̀ lónìí, a dè yín lórúkọ Jésù!"

Àmín tí àwọn èèyàn wa ṣe pọ̀ débi pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan sáré dé, ó rò pé ẹnì kan ti já sómi. Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní, "Say Amen, my son."

Ojú gbà mí tì. Mo yọ́ lọ sísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹ́ńjìnnì. Irin ńláńlá ń lọ ń bọ̀, ooru ibẹ̀ sì tù mí lára, nítorí atẹ́gùn òkun tutù wọ eegun, mo sì ti gbàgbé káádígàn mi sílé. Mo bá òyìnbó ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi. A ti ń bá ara wa rẹ́rìn-ín kí ìyá àgbà náà tó bi mí bóyá èmi àti àwọn tó ń pariwo lókè la jọ wá.

Mo ní rárá. Mo ní n kò mọ̀ wọ́n rí. Bí Pétérù ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nígbà tó ń yáná, àfi pé àkùkọ kò kọ ní tèmi. Ìyá mi ló wà lẹ́yìn mi.

Wọ́n ti bọ́ káádígàn ọrùn ara wọn, wọ́n ń wá mi kiri kí wọ́n fi bò mí. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ojú àwọn òyìnbó náà, wọ́n sì na aṣọ náà sí mi.

"Excuse me, dear. Is this yours?"

Ìyá tí kì í jí mi láàárọ̀ láìkọ́kọ́ ki oríkì mi ló ń bi mí bí ẹni ń bi àlejò! Irọ́ tí mo pa ni wọ́n ń bá mi bò mọ́lẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo gbà á lóòró, n kò kúnlẹ̀, mo ní, "Thank you." Aṣọ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá mi padà sókè sínú atẹ́gùn, pẹ̀lú bùláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́rùn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń sín ṣáá. Wọ́n bu oúnjẹ, itan adìyẹ tó tóbi jù ni wọ́n fi sí tèmi. Wọn kò bá mi wí, wọn kò sì sọ fún bàbá mi. Wọn ì bá gbá mi létí, ìyẹn ì bá sàn. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ọmọ; bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ya fídíò àdúrà wa báyìí, tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ yín òyìnbó. Ohun tí mo sá fún lẹ fi ń ṣe fáàrí. Inú mi ń dùn sí i, ojú sì tún ń tì mí.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ìyá mi lọ sí ọjà Bury. Atẹ́gùn ń fẹ́, ewú ti gba orí wọn. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bò wọ́n, mo sì kúnlẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí nítorí ọjọ́ ọkọ̀ ojú omi yẹn." Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a kò sì dárúkọ rẹ̀ rí.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fà mí sókè.

"Dìde, ilẹ̀ tutù," ni wọ́n wí. "Òtútù ọjọ́ náà mà pọ̀ o."