Epo Tí Mo Dà Sínú Ìkòkò Rẹ̀

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ara mi nìkan ni mò ń dáná fún. Ọmọ mi ń gbé ní Lewisham, nílùú òyìnbó níbí kan náà, kò jìnnà rárá, àmọ́ ó di ọjọ́ Sunday kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Ilé dákẹ́ jù fún mi. Ni mo bá gba ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan sí yàrá kejì, ọmọ ẹ̀yà Tripuri láti Íńdíà.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dáná, òórùn gba gbogbo ilé. Berma ni, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n tọ́jú títí tó fi kan, bíi ti irú tí à ń fi sebẹ̀. Inú mi dùn sí òórùn náà. Ó máa ń sè é pẹ̀lú ẹ̀wà, ọ̀dùnkún àti ata. Gudok ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà. Nílé wọn, inú ọparun ni wọ́n ti ń sè é. Èmi ló máa ń kọ́kọ́ bù fún, torí èmi ni àgbà. Mò ń jẹ ẹ́, mo sì ń kùn sínú. Ọbẹ̀ tí kò lépo, ọbẹ̀ wo nìyẹn?

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ kú ní Íńdíà. Kò ráyè lọ sìnkú. Ní Sátidé kan, ó gbé berma tó kù kaná, ó ní, “Aunty, please, ẹ bá mi wo iná, mo fẹ́ ra ata lọ́jà Rye Lane.”

Mo ṣí ìkòkò. Ọbẹ̀ náà funfun, àánú ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ sì ṣe mí. Mo bu epo pupa ṣíbí méjì sí i.

Nígbà tó dé, mo ní, “Mo bá ẹ tún un ṣe.”

Ó wo inú ìkòkò pẹ́. “Aunty, àwa kì í fi epo sí i. Ọwọ́ mummy mi ló ṣe berma yẹn. Èyí tó ṣe kẹ́yìn nìyẹn.”

Mo rò pé yóò pariwo mọ́ mi. Àwo mi ló gbé. Ó bu gbogbo ọbẹ̀ náà fún mi, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Kí oṣù tó parí, ó kó lọ sí Catford. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó ní kò burú. Ohun tí n kò lè sọ fún un ni pé lọ́jọ́ náà mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó sì dùn.