Ìwé tí Ó Bá Ìgò Gáàsì Dé

Nígbà tí òmìnira dé, kòmáńdà òyìnbó tí ń ṣàkóso agbègbè wa fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún wa, ó sì fi ààrò gáàsì rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá mi. Nínú méjèèjì, ti ààrò ni bàbá mi ń sọ jù.

Ìránṣẹ́ ni bàbá mi ní bírò kòmáńdà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Òun ní ń gbé ìwé láti yàrá dé yàrá, òun ní ń ṣílẹ̀kùn, òun ní ń fi “wí”, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í. Faransé tí ó gbọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi í jẹun fún ọdún púpọ̀.

Kò gbé ààrò náà lọ sí ibi ìdáná. Ó ní èéfín igi yóò ba funfun rẹ̀ jẹ́. Pálọ̀ ni ó gbé e sí, lábẹ́ àwòrán ààrẹ tuntun, ìyá mi sì fi aṣọ bò ó. Lórí òkúta mẹ́ta ní àgbàlá ni ìyá mi ti ń ro ọkà tí à ń jẹ. Ti gáàsì, ìgbà tí àlejò tí ó lè ròyìn wa fáyé bá dé nìkan ni a ń tàn án, kí a fi se omi tíì.

Àjàṣẹ́ ni mo wà nígbà náà, ní lísè, ilé ìwé girama ti Faransé. Mo wálé fún ìsinmi ọdún, ọyẹ́ sì ti mú gan-an. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ ojú irin gbé ìgò gáàsì tuntun dé láti Kútọnu, wọ́n so ìwé Faransé kan mọ́ ọn lọ́rùn. Bàbá mi pe àwọn aládùúgbò jọ, ó ní kí n kà á. Mo dìde dúró. Mo kà á bí ẹni tí ó wà ní ilé aṣòfin, mo ń fi imú pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi imú pè, mo sì ń fi imú pe èyí tí wọn kì í fi imú pè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mi nu ojú. Ẹnìkan ní òyìnbó gan-an kò lè kà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi nìkan ló bi mí pé, “Kí ló wí?”

“Ó ní kí a máa ṣọ́ra, Ìyá.”

Gbogbo ìwé náà ni mo kó sínú gbólóhùn kan yẹn. Ó wí níbẹ̀ pé kí a máa yẹ rọ́bà tí ó so ìgò mọ́ ààrò wò, nítorí ó ń gbó, ó sì ń là. Ó wí pé bí a bá gbọ́ òórùn bí ti ẹyin tó bàjẹ́, kí a yí ẹnu ìgò pa, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣáná. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í gba àtẹ́wọ́ ní ilé wa.

Ìyá mi gba ìwé náà, ó fi sí ìdí ìró rẹ̀, níbi tí ó ń fi ohun iyebíye sí.

Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e ni kòmáńdà tuntun, ọmọ ilẹ̀ wa, gbà láti wá mu tíì. Láti àárọ̀ ni ìyá mi ti pa gbogbo fèrèsé dé nítorí eruku ọyẹ́. Nígbà tí oòrùn yí, òórùn kan gba pálọ̀. Bàbá mi ní eku ló kú sẹ́yìn àpótí. A wá eku náà títí, a kò rí i. Ìtìjú mú mi: ọ̀gá ńlá ń bọ̀, ilé wa ń rùn. Bàbá mi bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti de táì tí òyìnbó fi sílẹ̀, èmi náà sì fẹ́ lọ dúró de mọ́tò níwájú ilé. Kí n tó jáde, mo sọ fún ìyá mi pé, “Ìyá, ẹ wá nǹkan ṣe sí òórùn yìí, ẹ má jẹ́ kí ó dójú tì wá.”

Ohun kan náà ni gbogbo ìyá ilé ní àdúgbò wa ń ṣe sí òórùn. Ó gbé àwo tùràrí wá. Ó ṣáná.

Wọ́n gbọ́ ariwo náà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kòmáńdà tuntun dé ẹnu ọ̀nà wa, ó wo èéfín, kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Ọjọ́ mẹ́ta tí ó kù fún ìyá mi, ilé ìwòsàn ni ó ti lò ó. Aṣọ funfun ni wọ́n fi dì í, ẹnu rẹ̀ àti etí kan ló kù níta. Lọ́jọ́ kejì ó bi mí pé, “Ìwé tí o kà yẹn, ṣé ó sọ̀rọ̀ òórùn?”

Mo ní, “Rárá, Ìyá.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Mo ti ń rò pé o sọ fún mi, pé èmi ni mi ò fetí sí i.”

Láti ìgbà náà mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé. Wọ́n máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń dá aláṣehàn mọ̀ lójú kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá mi ní kí n ka ìwé náà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ohùn mi dùn nínú rẹ̀. Ìwé náà ti jóná mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n sórí. Mo bẹ̀rẹ̀ ní Faransé. N kò fi ohùn ṣe àṣehàn kankan. Nígbà tí mo dé ibi òórùn, n kò lè kọjá.

“Ṣé ó ti parí?”

“Ó kù díẹ̀, Ìyá.”

“Má kánjú,” ó wí. “Mo ń gbọ́.”