Alágbàfọ̀ Tó Kọ́ Ìjà Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, kò sí àárọ̀ tí ọkàn alágbàfọ̀ kì í padà lọ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti ń fọṣọ, tó ń lọ aṣọ, tí ooru áyọ́ọ̀nù ń mú un láti òwúrọ̀. Òkè ni bàbá tó ń tún aago ṣe ń gbé, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wá láti Ṣáínà, tó mọ táíṣí, ìjà ìbílẹ̀ wọn, dunjú.

Alágbàfọ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, inú rẹ̀ sì máa ń yára ru. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ti lu alágbàfọ̀ lójú ìyàwó alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ojú tì í débi pé ó gun àtẹ̀gùn lọ bá arúgbó.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ kọ́ mi níjà.”

“Dúró síbẹ̀,” ni arúgbó wí.

Ìdúró yẹn ni wọ́n fi oṣù mẹ́ta ṣe: orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, èjìká á rọ̀, ọwọ́ á dà bíi ti ẹni tó gbá ìkòkò mọ́ra. Àwọn aago ara ògiri á máa ró kẹ́-kẹ́-kẹ́, itan rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lọ́jọ́ kan, ó ní fún ọkọ rẹ̀, “Bàbá wọn, ṣé igi lẹ fẹ́ dà ni?”

Nígbà tó sú u, ó bi arúgbó bóyá ìjà nìyí. Arúgbó ní kó ti òun. Ó fi gbogbo agbára tì í, àfi bíi pé aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn ló tì. Arúgbó kàn yí ìbàdí díẹ̀, alágbàfọ̀ sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Kò béèrè mọ́.

Lọ́dún kẹta, ẹ̀gbọ́n tún dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilé, ó sì gbá a lọ́rùn aṣọ mú nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìbàdí alágbàfọ̀ yí fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ré kọjá lára rẹ̀, ó dorí kọ áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Àbúrò nawọ́, ó fà á padà.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpò ọṣẹ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Àbúrò, ta ló kọ́ ẹ nírú eléyìí?” Alágbàfọ̀ jókòó tì í; láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti lù ú, wọn kò tíì jọ jókòó.

Nígbà tí arúgbó gbọ́, ohun kan ṣoṣo ló béèrè. “Ṣó ṣubú?”

“Rárá, bàbá. Mo dì í mú.”

Arúgbó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní apá tó kẹ́yìn nínú táíṣí, èyí tí kò tíì fi han ẹnikẹ́ni.

Arúgbó ti kú báyìí, ẹ̀gbọ́n náà ti kú. Orúnkún alágbàfọ̀ kò tẹ̀ dáadáa mọ́, síbẹ̀ ó ń ṣe é láàárọ̀ lẹ́yìnkùlé, ìyàwó rẹ̀ á máa wo ọwọ́ rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Bó bá dé ibì kan nínú apá tó kẹ́yìn yẹn, á dúró pẹ́. Ibẹ̀ ni arúgbó ti máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, á ní, “Rọra. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ.”