Agbọ̀n Tí Belmiro Ń Dé Sórí

Belmiro kò tíì máa fá irùngbọ̀n nígbà tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ iyanrìn. Ní Colares, ìlú alájàrà kan létí òkun ní Yúróòpù, abẹ́ iyanrìn ni amọ̀ wà, inú amọ̀ náà sì ni gbòǹgbò àjàrà gbọ́dọ̀ dé kó tó lè yè. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò nítorí èyí. Kòtò tó jìn ju èèyàn lọ. Iyanrìn kì í kìlọ̀ kó tó ya. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ a da agbọ̀n borí, kó lè rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ mí sínú bí ó bá bò ó, títí wọn yóò fi hú u jáde.

Iyanrìn yìí kan náà ló sọ ìlú náà di olókìkí. Láyé bàbá bàbá Belmiro, kòkòrò kan jẹ gbòǹgbò àjàrà kárí Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò lè gbé inú iyanrìn. Àjàrà Colares dúró. Àwọn olówó Lisboa, olú ìlú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọtí ibẹ̀ wá. Ọkọ̀ ojú irin kékeré dé etíkun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé etíkun ọ̀hún dára fún ilé. Oko di ilé. Ilé di òtẹ́ẹ̀lì.

Abílio, àbúrò Belmiro, wà nínú kòtò lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú. Ó ṣí agbọ̀n kúrò lórí kó lè nu òógùn. Iyanrìn ya. Belmiro wà lára àwọn tó fi ọwọ́ hú u. Wọ́n rí i. Kò mí mọ́.

Láti kékeré ni Graciete, ọmọ Belmiro, ti ń gbọ́ ìtàn yìí, bí ọmọ ṣe ń gbọ́ ìtàn òkú tí kò mọ̀. Òun ló ń gba àlejò ní oko àjàrà wọn báyìí. Wọ́n ń tọ́ ọtí wò, wọ́n ń jẹ wàràkàṣì, wọ́n ń dé agbọ̀n sórí ya fọ́tò. Èrè ibẹ̀ kò gbé oko dúró. Àwọn kọ́lékọ́lé sì ti ń béèrè ilẹ̀ ìhà òkun.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré," ni Graciete wí. "Ẹ wọ kòtò, ẹ gbẹ́ díẹ̀. Bí obìnrin tó ń kó àlejò bọ̀ ní Sátidé bá fẹ́ràn ẹ̀, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni á máa kó èèyàn wá. A ò ní ta ilẹ̀ mọ́."

"Ṣé ọ̀bọ ni mí, tí wọ́n á máa wá wò?"

"Ọ̀bọ kẹ̀? Ọ̀bọ kì í ṣagídí tó yín."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Belmiro. "Ìyá ẹ ló kọ́ ẹ lẹ́nu burúkú yìí."

"Ilẹ̀ yẹn ńkọ́, Bàbá?"

Belmiro wo ìhà òkun. "Mà á wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kòtò gidi ni mà á gbẹ́. Mi ò ní ṣeré níbẹ̀."

Nígbà tó di Sátidé, ó gbẹ́ ẹ. Àwọn àlejò pagbo pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Èjìká rẹ̀ wọlẹ̀, agbọ̀n orí rẹ̀ wọlẹ̀. Iyanrìn tí ṣọ́bìrì ń dà sókè nìkan ni wọ́n ń rí.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Brazil!" ni ẹnì kan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Graciete náà rẹ́rìn-ín.

Ó rí etí kòtò. Iyanrìn ń ṣàn wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìyẹ̀fun láti inú ajọ̀.

"Bàbá!"

Ṣọ́bìrì kò dúró.

"Bàbá, ẹ jáde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde!" Ó ti dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀.

"Ó kù díẹ̀ kí n dé amọ̀."

"Ẹ fi amọ̀ sílẹ̀!"

Belmiro gòkè jáde. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó kó wọn wá súnmọ́ Graciete. "Ó dára gan-an! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Graciete ń gbọn iyanrìn kúrò léjìká bàbá rẹ̀. "Kò sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kí ló dé?"

"Bàbá mi ni."

Kí òtútù tó dé, wọ́n ta ilẹ̀ ìhà òkun. Bàbá àti ọmọ gé ẹ̀ka lára àwọn àjàrà àtijọ́, wọ́n fi àpò tútù wé e, wọ́n gbìn ín sí ilẹ̀ tó kù. Ẹ̀rọ ni wọ́n háyà láti gbẹ́ kòtò.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà ẹ̀yìn, tí kò gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n tà, ni wọ́n ń gbà lọ sí oko. Ó jìn díẹ̀.